Ẹ̀RÚN IKE NÍNÚ ÒKUN: EWU TÍ Ó DÉ BÁ OÚNJẸ ẸJA

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti gbà pé òkun tóbi ju ohun tí ìdọ̀tí lè bà jẹ́ lọ. Wọn a máa wí pé ohunkóhun tí odò bá gbé lọ, ó ti lọ nìyẹn. Òkun yóò gbé e mì, a kì yóò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní ti igi, ewé, okùn òwú àti egungun, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé gbogbo wọn ni í jẹrà, tí wọn a sì padà sí ipò erùpẹ̀ àti omi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọmọ aráyé fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Ohun náà ni ike, pẹ̀lú ọ̀rá tí í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀.

Ike kò tíì pẹ́ láyé. Ohun tí a fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rá tí ó wà ní ọjà lónìí, ọdún 1933 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àwárí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1950, gbogbo ike tí àwọn ilé-iṣẹ́ ayé ṣe jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí ó fi di ọdún 2015, ó ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù 380 tọ́ọ̀nù lọ́dún kan. Àwọn tí ó ṣe ìṣirò náà sọ pé nínú gbogbo ike tí ó ti di ìdọ̀tí títí di ọdún 2015, bí ìdá 9 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni a kó padà láti fi ṣe ohun mìíràn. A sun bí ìdá 12. Ìdá 79 yòókù wà lórí ààtàn, nínú igbó, nínú odò àti nínú òkun.

Gbogbo ènìyàn ni ó ń rí ìgò ike àti ọ̀rá tí ó léfòó lójú omi. Ṣùgbọ́n èyí tí ojú ń rí kọ́ ni ó léwu jù. Èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i ni ó ń bọ́ sẹ́nu àwọn ẹ̀dá tí gbogbo ẹja inú òkun gbẹ́kẹ̀ lé fún oúnjẹ.

GBÒǸGBÒ OÚNJẸ INÚ ÒKUN

Bí ènìyàn bá bu omi òkun sínú ìgò, tí ó sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, omi náà lè dà bí èyí tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi awò tí í mú ohun kékeré tóbi wò ó, a ó rí i pé ó kún fún àwọn ẹ̀dá alààyè. Àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí kò ní agbára láti wẹ̀ lòdì sí ìṣàn omi. Ibi tí omi bá gbé wọn lọ ni wọ́n ń lọ. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe gbogbo wọn lápapọ̀ ni pílánkítọ̀nì. Èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni alárìnkiri.

Oríṣi méjì ni pílánkítọ̀nì. Àwọn kan dà bí ewéko. Wọ́n ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti ṣe oúnjẹ ara wọn gẹ́gẹ́ bí ewé àgbàdo ti ń ṣe nínú oko, wọ́n sì ń tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ènìyàn àti ẹranko ń mí símú jáde. Nǹkan bí ìlàjì gbogbo ọ́síjìn tí àwọn ewéko ayé ń ṣe, ọ̀dọ̀ àwọn ewéko kékeré inú òkun wọ̀nyí ni ó ti ń wá. Oríṣi kejì jẹ́ ẹranko. Àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ ọmọ akàn, ọmọ edé àti ọmọ ẹja tí kò tíì dàgbà. Àwọn mìíràn wà ní kékeré títí ọjọ́ ayé wọn. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyí ni èyí tí à ń pè ní kópípọ́ọ̀dù. Wọ́n fi ara jọ edé díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó hóró ìrẹsì kan.

Bí koríko ti rí fún màlúù, bẹ́ẹ̀ ni pílánkítọ̀nì rí fún àwọn ẹ̀dá inú òkun. Ẹja ṣáwá tí wọ́n ń yan tà káàkiri ọjà ilẹ̀ Yorùbá, pílánkítọ̀nì ni ó ń jẹ. Ẹja ńlá ń jẹ ṣáwá, ènìyàn sì ń jẹ àwọn méjèèjì. Àwọn tí ó tóbi jù nínú ẹja àbùùbùtán, tí kò sí ẹranko mìíràn láyé tí ó tóbi tó wọn, kì í jẹ ẹja ńlá. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí omi ń gbé kiri ni wọ́n ń sẹ́ láti inú omi mì. Nítorí náà, bí àrùn bá mú pílánkítọ̀nì, gbòǹgbò igi ni ó mú. Àwọn ẹ̀ka kò ní ṣàì rọ.

ÌWÉ ÌRÁNTÍ TÍ A FI ṢẸ́DÀ ṢE

Ènìyàn lè béèrè pé báwo ni a ṣe mọ̀ pé ẹ̀rún ike ti dé àárín pílánkítọ̀nì, àti ìgbà tí ó dé ibẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ ọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alister Hardy. Ní àárín ọdún 1925 sí 1927, ó bá ọkọ̀ Discovery lọ sí òkun yìnyín tí ó wà ní ìhà gúúsù ayé, ó sì lo ẹ̀rọ kan tí òun tìkára rẹ̀ ṣe láti fi kó pílánkítọ̀nì. Láti ọdún 1931 ni àwọn ọkọ̀ òwò ti bẹ̀rẹ̀ sí fa irú ẹ̀rọ yìí kiri ní Òkun Àríwá tí ó wà ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìgbà náà, kì í ṣe ike ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí oúnjẹ ẹja pọ̀ sí, kí àwọn apẹja lè mọ ibi tí ẹja yóò wà.

Ẹ̀rọ náà jẹ́ irin, ó gùn tó nǹkan bí mítà kan, ó sì rí bí ẹja. Wọ́n á fi okùn irin so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ọkọ̀ á sì máa fà á lọ lábẹ́ omi. Omi á gba ihò kékeré kan tí ó wà ní iwájú rẹ̀ wọlé, á sì kọjá lára aṣọ ṣẹ́dà tí a hun gẹ́gẹ́ bí asẹ́. Àjẹ̀ kékeré kan wà ní ìdí ẹ̀rọ náà tí omi ń yí. Òun ni ó ń ká aṣọ ṣẹ́dà náà díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń lọ. Ohun tí omi bá gbé wọlé á lẹ̀ mọ́ aṣọ náà, aṣọ kejì á bò ó mọ́lẹ̀, a ó sì ká méjèèjì sínú oògùn tí kì í jẹ́ kí nǹkan jẹrà. Báyìí ni gígùn aṣọ náà ṣe di ìwé ìrántí. Ẹni tí ó bá tú u wò lè mọ ohun tí ó wà nínú omi ní ibi kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣọ wọ̀nyí ni a tọ́jú pamọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Ní ọdún 2004, Richard Thompson, onímọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá inú òkun ní Yunifásítì Plymouth, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tú lára àwọn aṣọ tí a ti kó pamọ́ láti àwọn ọdún 1960 wò. Àwọn aṣọ náà wá láti ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ń gbà láti Aberdeen lọ sí erékùṣù Shetland, àti ọ̀nà tí ó lọ láti ìhà àríwá Scotland sí Iceland. Láàárín àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ó lẹ̀ mọ́ ṣẹ́dà náà, wọ́n rí fọ́nrán ike tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ó ti wà níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1960, ó sì pọ̀ sí i ní àwọn ọdún 1980 àti 1990. Kò sí ẹni tí ó fi í síbẹ̀ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Òkun tìkára rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn tí ń fa ẹ̀rọ náà tún ní ìwé mìíràn tí wọ́n ń kọ ohun tí ó bá dí ẹ̀rọ lọ́wọ́ sí. Ní ọdún 1957, okùn àwọ̀n ìpẹja tí a fi ike ṣe lọ́ mọ́ ọn. Ní ọdún 1965, ọ̀rá ni ó lọ́ mọ́ ọn ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ireland. Láti àwọn ọdún 1990 ni irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ gidigidi.

BÍ IKE ṢE Ń DI Ẹ̀RÚN

Kò sí ilé tí a kò ti mọ ohun tí oòrùn ń ṣe sí ike. Bí korobá bá pẹ́ nínú oòrùn, àwọ̀ rẹ̀ a ṣá, ara rẹ̀ a gbẹ, ní ọjọ́ kan tí a bá sì fi ọwọ́ gbé e, etí rẹ̀ a ya mọ́ ni lọ́wọ́. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìgò ike àti ọ̀rá ní etí òkun. Oòrùn ń gé àwọn ohun tí ó so ike náà pọ̀, ìgbì ń gbá a mọ́ òkúta, yanrìn ń lọ̀ ọ́. Ọ̀kan a di mẹ́wàá, mẹ́wàá a di ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀rún tí kò bá ti ju mìlímítà 5 lọ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní maikiropílásítíìkì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀.

Kì í ṣe ìdọ̀tí tí ó fọ́ nìkan ni ẹ̀rún ike ti ń wá. Aṣọ tí a fi pólíẹ́sítà tàbí náílọ́ọ̀nù hun a máa tú fọ́nrán sínú omi nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́. Táyà mọ́tò a máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lójú títì, òjò a sì gbá èyí tí ó jẹ sínú àgbàrá. Àwọ̀n àti okùn náílọ́ọ̀nù tí àwọn apẹja ń lò a máa gbó sínú omi. Ní ìgbà kan, àwọn ilé-iṣẹ́ kan tilẹ̀ ń fi hóró ike kéékèèké sínú ọṣẹ ìfọjú kí ó lè ha ìdọ̀tí ara. Amẹ́ríkà ṣe òfin lòdì sí èyí ní ọdún 2015, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi òfin dè é ní ọdún 2018.

Ohun tí ó yẹ kí á fi sọ́kàn ni pé fífọ́ kì í ṣe jíjẹrà. Ewé tí ó jẹrà ti di ohun mìíràn, ṣùgbọ́n ike tí ó fọ́ ṣì jẹ́ ike. Kìkì ohun tí ó yí padà ni pé bí ó ti ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀dá tí ẹnu wọn lè gbà á ń pọ̀ sí i. Ìgò kan lè há ẹja ńlá lọ́nà ọ̀fun; ẹ̀rún rẹ̀ lè wọ ẹnu ṣáwá; ìyẹ̀fun rẹ̀ lè wọ ẹnu kópípọ́ọ̀dù.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ TI RÍ

Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó oríṣi ẹranko pílánkítọ̀nì 15 sínú omi tí hóró ike kéékèèké wà. Oríṣi 13 nínú wọn ni ó gbé ike náà mì. Ní ọdún 2015, wọ́n tún fi oríṣi kópípọ́ọ̀dù kan sínú omi tí oúnjẹ rẹ̀ àti ike jọ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dá náà bẹ̀rẹ̀ sí yẹra fún oúnjẹ tí ó tóbi tó hóró ike, ó ń ṣa àwọn tí ó kéré jẹ. Nítorí èyí, agbára tí ó ń rí nínú oúnjẹ rẹ̀ dín kù ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ẹyin tí ó ń yé kéré sí ti àtẹ̀yìnwá, èyí tí ó sì ń pa nínú wọn dín kù. Ebi ni ó ń pa á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn rẹ̀ kò ṣófo.

Ní Òkun Baltic, àwọn onímọ̀ fi hàn ní ọdún 2014 pé ike tí pílánkítọ̀nì gbé mì a máa bá a wọ inú ẹ̀dá tí ó jọ edé, tí ó bá jẹ pílánkítọ̀nì náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rún ike ṣe ń ti inú ikùn kan bọ́ sínú ikùn mìíràn.

Òmíràn tún wà. Ìgbẹ́ pílánkítọ̀nì a máa rì lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, ó sì ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn ẹ̀dá tí ń gbé inú òkùnkùn níbẹ̀. Ní ọdún 2016, ìwádìí fi hàn pé bí ike bá wà nínú ìgbẹ́ náà, kì í tètè rì mọ́. Síbẹ̀ ike náà ń dé ìsàlẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ròyìn pé wọ́n rí ẹ̀rún ike nínú ikùn àwọn ẹ̀dá kékeré tí wọ́n mú láti inú ọ̀gbun Mariana ní Òkun Pàsífíìkì, tí jíjìn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 11.

Ó yẹ kí á sọ òdodo ọ̀rọ̀ náà ní kíkún. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò wọ̀nyí, ike tí wọ́n fi sínú omi pọ̀ ju èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkun lónìí lọ. Nítorí náà, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti sá fún ẹja. Inú ìfun ẹja ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rún ike tí ó bá jẹ máa ń wà, ẹni tí ó bá sì fọ ìfun ẹja dànù ti kó púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ike tí ó wà nínú òkun kò dín kù, ọdọọdún ni òmíràn sì ń kún un. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí nínú agbada ìdánwò lónìí lè di ohun tí apẹja yóò bá pàdé lójú omi ní ọ̀la.

ASẸ́ WO NI A Ó FI SẸ́ ÒKUN?

Ẹlòmíràn yóò wí pé níwọ̀n ìgbà tí ọgbọ́n wà láti ṣe ike, kí ọgbọ́n wà láti kó o kúrò nínú omi. Fún ìgò àti ọ̀rá tí kò tíì fọ́, èyí ṣeé ṣe, ó sì dára. Ṣùgbọ́n kí á wo ìyá ológì. Nígbà tí ó bá ń sẹ́ ògì, èèrí dúró lókè asẹ́, ògì bọ́ sísàlẹ̀, nítorí pé èèrí tóbi ju ògì lọ. Bí ó bá ṣe pé ìwọ̀n kan náà ni èèrí àti ògì, asẹ́ wo ni ìbá yà wọ́n? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí nínú òkun. Ẹ̀rún ike àti pílánkítọ̀nì kò ju ara wọn lọ. Asẹ́ tí ó bá lè mú ike náà yóò mú ọmọ ẹja, ọmọ edé àti oúnjẹ wọn pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ tún òkun ṣe yóò sọ òkun di aṣálẹ̀.

Nítorí èyí, ibì kan ṣoṣo ni a ti lè bá ike jà kí á sì ṣẹ́gun, ibẹ̀ náà sì ni orí ilẹ̀, nígbà tí ó ṣì jẹ́ odindi, tí ọwọ́ ṣì lè mú un.

LÁTI ÀGBÀRÁ ABÚLÉ DÉ ÒKUN

Kí ará oko má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ń gbé etí òkun nìkan ni èyí. Odò Ògùn tí ó ti agbègbè Ṣakí ṣàn wá, ó ń kọjá ní Abẹ́òkúta kí ó tó bọ́ sínú ọ̀sà Èkó. Odò Ọ̀ṣun tí ó ti ilẹ̀ Èkìtì wá, tí ó kọjá ní Òṣogbo, ń bọ́ sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Ọ̀rá omi tí ọmọdé jù sílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, òjò a gbá a sí àgbàrá, àgbàrá a gbé e fún odò, odò a gbé e fún ọ̀sà, ọ̀sà a sì gbé e fún òkun. Inú ọ̀sà yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja àti ọmọ edé ti ń dàgbà kí wọ́n tó jáde sí òkun. Ìpalára tí ó bá bá wọn níbẹ̀ yóò padà wá sí ọjà abúlé, nígbà tí ṣáwá àti edé bá wọ́n.

Àwọn ìjọba kò sùn. Ní oṣù Kíní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de abọ́ fóòmù funfun tí a fi ń di oúnjẹ. Láti ọjọ́ kíní oṣù Keje ọdún 2025, òfin náà ti nà dé orí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti àwọn ohun èlò ike mìíràn tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a sì ń jù nù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ní ìlú Nairobi, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi ohùn ṣọ̀kan láti ṣe àdéhùn kan lórí ìdọ̀tí ike. Ṣùgbọ́n ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Busan ní ilẹ̀ Kòríà ní ìparí ọdún 2024, àti èyí tí wọ́n ṣe ní Geneva ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, tú ká láìsí àdéhùn. Àwọn kan fẹ́ kí á dín ike tí à ń ṣe kù. Àwọn mìíràn, tí epo rọ̀bì tí a fi ń ṣe ike jẹ́ ọrọ̀ wọn, kò gbà.

OHUN TÍ OLÚKÚLÙKÙ LÈ ṢE

Kò yẹ kí abúlé kankan dúró de àdéhùn Geneva kí ó tó tún àgbàrá rẹ̀ ṣe. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò gba owó púpọ̀:

Kí á má ṣe da ìdọ̀tí sínú odò tàbí ojú àgbàrá, pàápàá nígbà tí òjò bá ṣú.

Kí ọjà kọ̀ọ̀kan ní ibi kan tí a ó máa kó ìgò ike àti ọ̀rá jọ sí. Àwọn tí ń ra ìgò ike wà ní ọ̀pọ̀ ìlú, ohun tí a sì rí owó lórí rẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀.

Kí á má ṣe máa sun ike nínú àgbàlá, nítorí pé èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Kí ẹni tí ń lọ sí ọjà mú apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò tirẹ̀ lọ. Ewé eéran àti ewé gbódògì tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kò tíì tán nínú igbó, bí wọ́n bá sì bọ́ sínú omi, wọ́n á jẹrà.

Kí àwọn apẹja kó àwọ̀n tí ó ti gbó padà wá sí èbúté, kí wọ́n má ṣe gé e jù sínú omi.

Ọ̀rá kan tí a mú kúrò nínú àgbàrá lónìí jẹ́ ohun kan ṣoṣo, ọwọ́ ọmọdé pàápàá sì lè gbé e. Bí ó bá dé òkun, tí oòrùn àti ìgbì bá fi lè bá a ṣiṣẹ́, yóò di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rún tí kò sí ọba tàbí ìjọba tí ó lè ṣà wọ́n jọ mọ́.